Bàbá Géèmù àti Bátìrì Tí Kò Gbọdọ̀ Kú

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ní Ìgbògbò bí Bàbá Géèmù ṣe wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ijede lọ́sàn-án gangan, nítorí pé ẹnì kan bú u nínú géèmù. Ẹni tí ò sí nílé lọ́jọ́ náà pàápàá ń sọ ọ́ bí ẹni tó bá a jókòó nínú kẹ̀kẹ́.

Súbérù Ọláògún ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni nígbà náà, ó sì wá kí Hasanat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìgbògbò. Mutmainah, ọmọ Hasanat, ń ta géèmù bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, òun àti ẹnì kan tí kò rí sójú rí, tí íńtánẹ́ẹ̀tì so wọ́n pọ̀. Màmá rẹ̀ pè é sí ilé ìdáná. Kó tó padà dé, Bàbá ti gbé hẹ́ẹ̀dìfóònù rẹ̀ kọ́ etí, ó ti di páàdì mú, ó ti ń bá a gbá bọ́ọ̀lù lọ. Kò pẹ́ tí ohùn kan fi sọ sí i létí.

"Ọ̀dẹ̀, ṣé o ń sùn ni? Gbá bọ́ọ̀lù jọ̀ọ́."

Bàbá gbé páàdì sílẹ̀. "Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ bàbá mi ni mí. Yasir tó ń tún fóònù ṣe ní Ijede. Kí lo fẹ́ ṣe?"

Ohun tí Bàbá fẹ́ ṣe kò ju kó dé fìlà lọ. Nígbà tí Hasanat fi máa jáde láti ilé ìdáná, kẹ̀kẹ́ ti gbé bàbá rẹ̀ lọ.

Yasir fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ èyí tó kù. Ó ní òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun nígbà tí arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ lára kẹ̀kẹ́, tó ń wo pátákó ṣọ́ọ̀bù kiri. Hẹ́ẹ̀dìfóònù ṣì wà lọ́rùn arúgbó náà, wáyà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún Yasir pé ọ̀rọ̀ ti dé. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí fóònù oníbàárà tó tú sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mi ò mọ̀ pé àgbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Mi ò bá ti ìjà wá," Bàbá ní. "Nǹkan méjì ni mo bá wá. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ kí mi ná. Ìkejì, èmi àti ẹ ò tíì parí bọ́ọ̀lù. Gbé e jáde."

Wọ́n ta á títí di ìrọ̀lẹ́. Góòlù mẹ́sàn-án ni Yasir gbá wọlé, Bàbá ò rí ẹyọ kan gbá. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé ni Yasir ń tẹríba díẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ọ̀dẹ̀ ni yín, sà." Bàbá á mi orí, á ní báyìí ni ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ṣe máa ń búni.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wá rò pé ọjọ́ ogbó ló sọ Bàbá di onígéèmù, ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá. Èbúté Ẹ̀pẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ Bàbá nígbà náà ni kó máa to ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí àwọn abúlé òdìkejì ọ̀sà: àpò gààrí, agbọ̀n ẹja, kéèsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun. Bó bá to ọkọ̀ kan tán, ẹyin adìẹ ò ríbi kó sí. Àwọn èrò a máa ráhùn pé ẹrù ríbi jókòó ju àwọn lọ. Bàbá á ní ẹrù kì í dìde wo omi.

Lọ́jọ́ ọjà kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń dúró de ọkọ̀, ó ń ta géèmù bíríkì. Ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún á rántí ẹ̀rọ náà. Ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́, ojú rẹ̀ rí bí eérú, bíríkì dúdú á máa já bọ́ láti òkè, èèyàn á máa yí wọn kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn láìsí àlàfo. Bí ìlà kan bá kún, á pa rẹ́, máàkì á gòkè. Bí bíríkì bá kan òkè, ó parí nìyẹn. Kò ní àwọ̀, kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìrẹsì tó ti jóná nítorí rẹ̀ nígbà náà kò kéré.

Bàbá dúró sẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó ń wò ó. "Yí i," ó ní. "Gbé e sápá ọ̀tún. Ọ̀tún ni mo wí." Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ. Ó to ìlà kan, ìlà náà kún bámúbámú, ó sì pòórá.

Bàbá yí ẹ̀rọ náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún wo ilẹ̀.

"Ta ló gbé e?"

"Kò sẹ́ni tó gbé e, sà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ẹrù tí mo bá tò kì í sọnù. Láti ọdún tí mo ti wà ní èbúté yìí, kò sọnù rí. Olè wà nínú nǹkan yìí."

Ibi tó ti ń wá olè náà ni ọkọ̀ ti gbéra tòun ti ìdajì ẹrù. Ìdajì kejì bá Bàbá dúró lórí ilẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ sí Ìdúmọ̀tà, ó ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mú olè náà nílé òun, níbi tí ọkàn òun ti balẹ̀.

Ṣẹ̀rífátù ìyàwó rẹ̀ ló yanjú ọ̀ràn náà. Ẹja ni Ìyá ń yan, òun náà ló ń tò ó sínú agbọ̀n kó tó tà á. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wo ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń bá ẹ̀rọ jà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní, "Bàbá Hasanat, ọkọ̀ tó bá kún, ṣé kì í gbéra ni? Kò sẹ́ni tó jí i. Ó ti gúnlẹ̀ sódìkejì ni."

Bàbá ronú títí. Ó ní, "Kí ló wá dé tí wọn ò kọ bẹ́ẹ̀ sára páálí rẹ̀?"

Àlàáfíà wọlé láàárín òun àti ẹ̀rọ náà. Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìròyìn gba gbogbo èbúté pé máàkì 48,700 ló wà lójú ẹ̀rọ Bàbá. Àwọn èèyàn wá wò ó. Àwọn olùkọ́ wá, àwọn ará Agbowa náà wá. Kò sẹ́ni tó dé ìdajì rẹ̀, àfi Salman tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, tó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá látilé. Salman dé 31,000. Bàbá jókòó tì í, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Salman, apá òsì ọkọ̀ ẹ ti ń mu omi o. Salman, àwọn èrò ẹ ti ń pe orúkọ Ọlọ́run." Salman gbójú sókè wò ó, bíríkì kan òkè. Ó gbé àpótí rẹ̀, kò sì kí ẹnikẹ́ni pé ó dàárọ̀.

Ohun tó ya Hasanat lẹ́nu ni pé Bàbá fúnra rẹ̀ kì í kọjá máàkì náà. Lẹ́yìn tí Ìyá ti kú, ojoojúmọ́ ló ń ta á lẹ́yìn ìrun Àsárì. Á tò, á tò, á dé 47,000, á wọ 48,000. Nígbà náà ni á rọra gbé ẹ̀rọ lé itan, á jẹ́ kí bíríkì máa já lura wọn títí wọ́n á fi kan òkè.

"Bàbá mi, ó mà ku díẹ̀."

"Ọwọ́ ti ń ro mí."

Hasanat ra òróró ìpara fún un. Ó gbà á, ó súre fún un, ó fi pa orúnkún.

Ìdààmú kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ náà ní ni bátìrì. Ẹni bá yọ bátìrì rẹ̀ ti pa máàkì rẹ́ nìyẹn, á padà sí òdo. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, máàkì Bàbá ò kúrò níbi tó wà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, òun, ẹ̀rọ, bátìrì tuntun méjì àti wáyà kékeré kan. Bó bá jáde, ojú ẹ̀rọ á ti mọ́ kedere, 48,700 á sì wà níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní àdúrà kan ló ń kà sí i. Hasanat bi í léèrè, ó ní, "Ìwọ lo kàwé."

Kì í ṣe pé ó kórìíra géèmù ìsinsìnyí. Ó fẹ́ràn kó máa wo ti Mutmainah, tí koríko ibẹ̀ tutù ju ti pápá gidi lọ. Lọ́jọ́ tí géèmù náà ní òun fẹ́ gba nǹkan tuntun láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kó tó lè ṣiṣẹ́, wákàtí méjì ni Bàbá fi jókòó dè é. Ó ní ẹ̀rọ bíríkì tòun kì í jẹun kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó sì tún ní, ohun tó wu òun lára ti ìsinsìnyí ni pé èèyàn lè rí ẹni bá ṣeré láti ìlú tí kò dé rí. Láìsí ìyẹn, òun ò bá tí mọ Yasir láé.

Ó kú ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí yí i ká, wọ́n ń retí ohun tó máa sọ nípa ilẹ̀ àti ilé. Ó di ọwọ́ Hasanat mú, ó ní, "Má jẹ́ kí bátìrì kú." Àbúrò Bàbá kan mi orí, ó ní Bàbá ti ń ṣarán. Hasanat mọ̀ pé kò ṣarán.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ó tan ẹ̀rọ náà. Máàkì ṣì wà, àmọ́ ó ti ń ṣá, bí aṣọ tí oòrùn ti pa. Ó gbé e lọ bá oníṣẹ́ rédíò kan, ìyẹn rín ẹ̀rín, ó ní kó ra tuntun. Mutmainah ní, "Mọ́mì, ó wà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni."

"Ṣé máàkì bàbá mi wà lórí fóònù ọ̀hún?"

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, nọ́ńbà náà ń ṣá sí i. Ó dun Hasanat wọra. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ó sì ń yọ́ lọ lójú rẹ̀. Ó dé ibi pé kò tan án mọ́, ẹ̀rù ń bà á pé òdo ni òun máa rí.

Lọ́jọ́ fìdáù ogójì ọjọ́ ni Yasir wọlé láti Ijede. Ó kọ́kọ́ kí gbogbo àgbàlagbà tó wà lábẹ́ kánópì lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀ tì Hasanat.

"Àǹtí, ẹ̀rọ ńkọ́? Ó ti tó àsìkò bátìrì."

Wọ́n wọ yàrá Bàbá. Yasir fi wáyà so bátìrì tuntun méjì mọ́ ibi tí iná ń gbà wọ inú ẹ̀rọ, kó tó yọ àwọn tó ti rẹ̀. Hasanat dijú.

"Ìwọ lo kọ́ Bàbá ní èyí?"

"Rárá o, àwọn ni wọ́n kọ́ mi. Wọ́n ní èèyàn tó bá fẹ́ kó ẹrù láti inú ọkọ̀ kan bọ́ sínú òmíràn, á kọ́kọ́ so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ ni. Àǹtí, ẹ lajú."

Ó lajú. 48,700 wà níbẹ̀, ó dúdú kirikiri. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Yasir dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà tán, kò dìde. "Bàbá tún rán mi sí yín. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan ni kí n sọ ọ́ fún. Wọ́n ní àwọn kọ́ ni wọ́n ni máàkì yìí."

"Ta ló wá ni ín?"

"Ìyá yín ni. Bàbá ní àwọn sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá sì ń dúró kí ẹja gbẹ lórí ààrò, ni Ìyá bá mú ẹ̀rọ, wọ́n ń ta á. Nígbà tí Bàbá máa fi jí, Ìyá ti gbé e sílẹ̀, wọ́n ń yí ẹja padà. Bàbá wo máàkì, wọ́n figbe ta. Ìyá ní kí Bàbá rọra, kí wọ́n máa pe máàkì náà ní tiwọn, pé àwọn ní ẹja tí àwọn fẹ́ tà, àwọn ò ráyè èrò tó máa wá wò ó." Yasir rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá ní àtìgbà yẹn làwọn ti ń jẹ orúkọ tí kì í ṣe tàwọn. Wọ́n ní adùn ẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ."

Hasanat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀. Ó rántí gbogbo 48,000 wọ̀nyẹn. Ó rántí òróró ìpara.

Ẹ̀rọ náà wà ní Ìgbògbò báyìí. Hasanat ń ta á lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó sì ti mọ̀ ọ́n tò, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì ló wà lára rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dé 48,600. Mutmainah ju fóònù sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́yìn àga. Àlàfo kan ṣoṣo ló kù, bíríkì gígùn tó máa dí i sì ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀.

"Mọ́mì, ó ti bọ́ sí i. Ẹ yí i. Ẹ ti fẹ́ kọjá Bàbá."

Hasanat rọra gbé ẹ̀rọ lé itan. Bíríkì gígùn náà já sí ẹ̀gbẹ́, òmíràn já lé e, wọ́n ń gòkè lọ títí wọ́n fi kan òkè.

"Kí ló dé, Mọ́mì?"

"Ọwọ́ ti ń ro mí."