Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì àti Kànga Tí Kò Dúró Jẹ́ẹ́

Kò sí aṣọ iṣẹ́ Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì kan tí kò ní àmì funfun níhà ọ̀tún, níbi tó máa ń nu ìka sí. Ọkọ rẹ̀ ló ń rán aṣọ wọ̀nyí, torí télọ̀ ni ọkùnrin náà, ṣọ́ọ̀kì ló sì fi ń sàmì sí aṣọ kó tó gé e. A máa ní, "Èmi ń fi ṣọ́ọ̀kì wọn aṣọ, ìwọ ń fi wọn omi. Bí àwọn ọmọ wa ò bá di olùkọ́, kí wọ́n wá sọ ohun tó dí wọn lọ́wọ́."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi. Lẹ́yìn ọ́fíìsì wọn, lábẹ́ páànù kékeré kan, kànga jíjìn kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fa omi rẹ̀. Wíwọ̀n nìkan ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Bí aago méje àárọ̀ bá ti lù, ìyá á fi ṣọ́ọ̀kì kun ìsàlẹ̀ téèpù onírin, á sọ ọ́ sínú kànga, á fà á sókè. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti tutù, ibẹ̀ ni omi dé. Á wá kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n fi ìlà pín sí àpótí-àpótí, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe ni, bí a bá rí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó lè ṣe ohun kan náà láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìparọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ ló ti mọ ìwà omi. Òjò àkọ́kọ́ á rọ̀, gbogbo ọ́fíìsì á máa yọ̀, kànga ò ní mira. Omi ń bọ̀ o, àmọ́ ó ń gba inú yanrìn, ó ń yọ́ gba àárín òkúta, bí àlejò tó ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó dé. Nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí odò ti ń fà, ìgbà yẹn ni kànga á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kún. Ìyá a máa sọ pé bí àdúrà ló rí: èyí tí o gbà lónìí kọ́ ló ń dé lónìí. Láti ọ̀sẹ̀ kan dé èkejì, ìyàtọ̀ ibi tí omi dé kì í ju ìbú ìka kan lọ.

Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ò rọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ìyá fa téèpù sókè, ó rí i pé omi ti fi ìka mẹ́wàá ga ju ti àná lọ. Ó nu téèpù, ó tún fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún, ó tún sọ ọ́ sílẹ̀. Omi ti wálẹ̀ kọjá ti àná. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó tún ti gòkè. Ó dẹ etí sí ẹnu kànga, ó gbọ́ omi tó ń rọra gbá ara ògiri nísàlẹ̀. Ó kọ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpótí kan ṣoṣo, ó kọ aago wọn sí i. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, omi ti padà síbi tó wà lánàá, ó ń ṣe bí ẹni pé kò jáde nílé.

Ọ̀gá wọn wo ìwé náà títí.

"Ìyá Oníṣọ́ọ̀kì, kí lèyí? Ìgbà mẹ́ta lẹ wọ̀n ọ́n, iye mẹ́ta ló jáde. Èwo ni omi níbẹ̀?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ọ̀gá."

"Ṣé kànga wá di ọmọdé tó ń fò sókè fò sílẹ̀ ni?"

"Mi ò bi í léèrè, ọ̀gá."

"Ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ ti aago mẹ́jọ."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ti rí i, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọlọ́run tó dúró tì mí nígbà tí mò ń wọ̀n ọ́n ò tíì lọ sílé."

Ọ̀gá fa bíró pupa yọ. Ó fa ìlà kan gba orí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: *Ọwọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n ló gbọ̀n.*

Láti ọjọ́ náà, dírẹ́bà ilé-iṣẹ́ tó máa ń jókòó sẹ́nu géètì ò jẹ́ kó sinmi. "Ìyá, kànga ńkọ́? Ṣé ó ti fò lónìí?"

"Ó ní kí n kí yín."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí iye kan bá ti yàtọ̀ díẹ̀ báyìí, ọ̀gá á rán ẹlòmíràn lọ tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ló dùn ún jù. Ohun kan ṣoṣo ni ẹni tó ń wọn nǹkan ní láyé: kí ohun tó kọ jẹ́ ohun tó rí. Wọ́n ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi bíró pupa gbà á.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ ẹnu, ó ń wa máṣíìnì lọ. "Bí o bá ní omi fò, omi fò nìyẹn. Bóyá ilẹ̀ ló yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun. Ìwọ náà kì í yí ni, tí o fi ń gba gbogbo aṣọ ìbora mọ́ mi lọ́wọ́?"

Àbígbẹ̀yìn wọn, tó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé láàárín àjákù aṣọ nílẹ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tán, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò níkùn ọmọ náà.

Ọdún gorí ọdún. Ọlọ́run ti pe télọ̀. Ìyá ti fẹ̀yìn tì fún ọdún mẹ́sàn-án. Àbígbẹ̀yìn ti di olùkọ́ ní yunifásítì, ilẹ̀ àti omi ló sì ń kọ́ àwọn èèyàn nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀.

"Màmá mi, ọjọ́ wo gan-an ni kànga yín fò?"

Ìyá sọ ọjọ́, oṣù, ọdún àti aago fún un, bí ẹni ń sọ ọjọ́ ìbí ọmọ. Ọmọ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó. Ó fa àpò àjákù aṣọ bàbá rẹ̀ jáde lábẹ́ máṣíìnì, ó to wọ́n mọ́ra lórí tábìlì.

"Ẹ wò ó. Ilẹ̀ tí a tẹ̀ yìí kì í ṣe odindi. Ègé ńláńlá ni, wọ́n to ara wọn báyìí, àmọ́ kò sẹ́ni tó rán wọn pọ̀. Wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù. Etí méjì á há mọ́ra, wọ́n á máa ti ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá yọ̀ kọjá èkejì, ilẹ̀ á gbọ̀n. Ìgbì rẹ̀ á gba inú òkúta rìn kárí ayé. Èèyàn tó jìnnà ò ní mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ó ń fún òkúta, ó ń tú u sílẹ̀, bí ẹni ń fún kànrìnkàn. Omi inú rẹ̀ á gòkè, á wálẹ̀, á tún gòkè."

"Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ilẹ̀ mì ní òdìkejì òkun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màmá, kò tó wákàtí kan kí ẹ tó sọ téèpù sílẹ̀. Ká ní iye kan lẹ kọ, à bá ní àṣìṣe ni. Mẹ́ta tí ẹ kọ yẹn gan-an ni ẹ̀rí."

Ìyá mú àjákù aṣọ kan, ó ń fi ìka tọ etí aṣọ náà lọ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ sí ilé-iṣẹ́ omi. Ọ̀gá tuntun, obìnrin tí ìyá tó bí lọ́mọ, gbé ìwé náà jáde, ó gbọn eruku rẹ̀. Ìlà pupa náà ti ṣá, àmọ́ iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń hàn lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n lẹ bébà bo ìlà yìí."

"Rárá o," ni ìyá dáhùn. "Ohun tí ọ̀gá yẹn gbà gbọ́ ló kọ. Bí a bá pa tirẹ̀ rẹ́, ṣebí ohun tó ní kí n ṣe náà la ṣe yẹn."

Ọ̀gá tuntun rẹ́rìn-ín, ó mú bíró, ó kọ ọ́ sábẹ́ ti ọ̀gá àná: *Ọwọ́ ò gbọ̀n. Ilẹ̀ ló gbọ̀n.* Ó fọwọ́ sí i.

Ìyá ní òun fẹ́ rí kànga. Ẹ̀rọ ló ń wọ̀n ọ́n báyìí, téèpù àtijọ́ sì ń gbé ara ìṣó lásán. Wọ́n wá ṣọ́ọ̀kì títí, kò sí. Ìyá ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ kan jáde, ti télọ̀, tí kò jù sílẹ̀ láti ọjọ́ tí onítọ̀hún ti lọ. Ó kun téèpù, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó fà á sókè, ó ka iye rẹ̀ sókè. Ó bá ti ẹ̀rọ mu. Ó wá nu ìka sí ìhà ọ̀tún aṣọ rẹ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ rán kẹ́yìn.

Ní géètì, dírẹ́bà, tí irun rẹ̀ ti funfun ju ṣọ́ọ̀kì lọ, dá a mọ̀.

"Ìyá! Kànga ńkọ́?"

"Ó ń sùn," ni ìyá wí. "Ẹ rọra máa pariwo."