Ìwé Ilé tí Fọwọ́síi Kò Fọwọ́ Sí

Tí ọwọ́ bá ń yún èèyàn, ṣebí kó fi họ orí. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fọwọ́síi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bíírò ló máa ń fi mú. Ẹni tó fẹ́ gba fíríìjì láwìn, ẹni tó fẹ́ yáwó ní báńkì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà lọ. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n á pè é ní "bàbá gbogbo wa," orí rẹ̀ á wú, á sì yọ bíírò tó ń gbé àpò àyà rẹ̀, á fọwọ́ sí i pé òun ni oníduró. Ṣé ó ń ka ìwé náà ni? Kà á kẹ̀! Ó ní ẹni tó bá ń ka ìwé ọmọ ìyá rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, ahun ni.

Ọdún méjìlélógún ló fi ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé-iṣẹ́ bísíkíìtì, yàrá méjì kan náà ló sì ń gbé láti ìgbà yẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń rán aṣọ iléèwé. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ tì. Kò pé oṣù mẹ́rin sí i, onílé dé. Ó ní òun fẹ́ ta ilé, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ lòun kọ́kọ́ fi lọ̀, ṣùgbọ́n oṣù kan péré ni. Tí wọn ò bá rówó ẹ̀ mú wá, kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde.

Fọwọ́síi ò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin ni, ẹ má dá a lóhùn! Ó gbé kóòtù wọ̀, ó gba báńkì lọ, torí ó ti gbọ́ pé wọ́n ń yá èèyàn lówó ra ilé, tí ilé náà á wà nídògò títí wọ́n á fi san owó tán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ so táì mọ́rùn bí àgbò tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Ilé-iṣẹ́ wa ti tì, ọmọ mi."

"Ẹ ò níṣẹ́ nìyẹn." Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó yínmú. "Orúkọ yín ò dáa níbí o. Gbèsè mẹ́ta ló wà lọ́rùn yín."

"Èmi? Mi ò yáwó ẹnikẹ́ni rí láyé mi!"

"Ẹ fọwọ́ sí i pé táwọn tó yá a ò bá san, ẹ̀yin lẹ máa san. Wọn ò san án, Bàbá. Àfi tẹ́ ẹ bá lè rí oníduró tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́."

Ẹ̀rín pa Fọwọ́síi. Oníduró kẹ̀? Òun tí òun ti dúró fún ìdajì ìlú!

Ó kọrí sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ẹni tó fi ìfọwọ́sí rẹ̀ ra takisí tí kò sanwó ẹ̀. Èyí káwọ́ lérí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí bàbá wa tó kú ni wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dúró fún ẹnikẹ́ni." Ẹ gbọ́ ohun tí aláìnítìjú ń sọ! Àfi bí ẹni pé bàbá ọ̀tọ̀ ló bí èkejì. Fọwọ́síi kúrò níbẹ̀, ó dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ẹni tó ti di ọ̀gá nílé-iṣẹ́ míì. Ìyàwó ọ̀rẹ́ ní ọkọ òun rìnrìn-àjò. Bàtà ọkọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ikọ́ rẹ̀ sì ń dún nínú yàrá. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, onílé fúnra rẹ̀ yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi ìyàwó Fọwọ́síi pé ibo ni wọ́n bá ọ̀rọ̀ ilé dé, ó ní òun gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ń wá oníduró kiri ìlú. Obìnrin náà dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe wọlé, ó kò ó lójú.

"Wọ́n fẹ́ lé wa síta, o ò sọ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ da ọkàn rẹ láàmú ni."

"O rìn kiri gbogbo ìlú, o bẹ olè, o bẹ ọ̀lẹ, o ò bi èmi tá a jọ ń sùn!" Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ránṣọ fún iléèwé méjì, kí lo rò pé mò ń fowó ẹ̀ ṣe?"

Ọkọ ò bi í léèrè rí, ẹ jọ̀wọ́. Ìwé àwọn ará ìta ni ọwọ́ rẹ̀ ń wá kiri.

Ìyàwó di ìwé àdéhùn iléèwé méjèèjì, ó di ìwé owó tó ti ń fi pamọ́, ó gba báńkì lọ. Onítáì yẹ àwọn ìwé náà wò títí. Obìnrin náà ò jẹ gbèsè, kò dúró fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n gbà láti yá a lówó, wọ́n ní kó padà wá fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Fọwọ́síi bá a lọ, tòun ti kóòtù. Bí wọ́n ṣe gbé ìwé ilé kalẹ̀ báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti yọ bíírò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn pamọ́," ọmọ báńkì sọ. "Tí orúkọ yín bá fi wọnú ìwé yìí, àwọn ọ̀gá lókè ò ní gbà á."

Ojú tì í dé ẹsẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tó ń béèrè ìtumọ̀ èyí tí kò yé e, títí òógùn fi bo onítáì. Ìgbà tó kà á tán ló tó fọwọ́ sí i. Ilé di tiwọn, lórúkọ ìyàwó.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò dé pẹ̀lú àpò ìwé lábẹ́ abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Bàbá gbogbo wa! Mọ́tò míì ni mo fẹ́ rà. Ibi ẹ máa fọwọ́ sí nìyí."

Ọwọ́ Fọwọ́síi ti ń lọ sí àpò àyà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ wẹ́lo. Ọwọ́ náà padà sílẹ̀.

"Lọ bi onílé," ó ní. "Ó wà níta yẹn."

Àbúrò yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ká ìwé rẹ̀ sápò. Kò tiẹ̀ dúró mumi.