Télọ̀ àti Ewé Tí Ọkọ Rẹ̀ Gbìn

Kò sí ẹni tó mọ Ìyá Télọ̀ tí kò mọ̀ pé olórí kunkun ni. Bó bá ti ní òun ò ṣe nǹkan, ẹ lọ jókòó. Àmọ́ nígbà tó mú àdá, tó ní òun fẹ́ hú ewé tí ọkọ òun olóògbé gbìn, àwọn ẹbí ọkọ ní èyí ti pọ̀ jù.

Ewé ìyẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí ó là wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Atukọ̀ ni ọkọ rẹ̀, òkè òkun ló sì ti gbé e bọ̀ nínú agolo mílíìkì, pé kí ìyàwó òun fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Kì í yọ òdòdó. Lẹ́búlẹ́bú pupa kan ló máa ń wà lábẹ́ ewé rẹ̀, ibi tí atẹ́gùn bá gbé e dé, òmíràn á hù níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ẹbí bù ú sínú agolo fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn, kí wọ́n lè máa fi rántí rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí àdúgbò tí kò dé.

Kò pẹ́ tó fi bọ́ sí etídò. Ó gun igi, ó bo ilẹ̀, oòrùn ò ráyè wọlé mọ́. Àwọn òdòdó funfun kéékèèké tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá àgbà Ìyá Télọ̀ ń kú lọ. Díẹ̀ péré ló ṣẹ́kù lábẹ́ àpáta, inú sì ń bí i gan-an. Ó fi àṣẹ́kù aṣọ rán àpò, ó ń fi bo ewé náà kó tó hú u, kí lẹ́búlẹ́bú má baà fò.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni àbúrò ọkọ rẹ̀ bá a níwájú ilé.

“Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi lò ń hú yẹn o.”

“Ewé ni, Bàbá Kékeré. Tó bá jẹ́ òun ni, ì bá ti dá mi lóhùn.”

“Ṣé o ò ní fi í sílẹ̀ ni?”

“Mi ò ní fi í sílẹ̀. Tí mo bá tán níbí, ilé yín ló kàn.”

Láti ọjọ́ ìsìnkú, ewé yìí ni àwọn ẹbí ọkọ ń wá wò. Wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á sì lọ, láìbéèrè bóyá obìnrin tó wà nínú ilé ti jẹun.

“Tí o bá hú u tán,” ọkùnrin náà wí, “kí ló tún kù tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ nínú ilé yìí?”

Ìyá Télọ̀ nàró, ó wò ó lójú.

“Èmi,” ló wí. “Àbí ẹ ò rí mi ni?”