Ìwé Méjì Tí Morádéyọ̀ Gbà

Ọgbọ̀n ọdún ni Morádéyọ̀ fi ṣe tíṣà ní Inísà kó tó fẹ̀yìn tì. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Ọlánípẹ̀kun, ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ṣe ní Ìkìrun, iṣẹ́ náà a sì máa gbé e dé Parakou, ní orílẹ̀-èdè kejì tó bá Nàìjíríà pààlà.

Lóṣù Kejì, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ yàn láti máa ṣọ́ agbésùnmọ̀mí mú un lẹ́nubodè. Wọ́n ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn tí wọ́n ń wá láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Morádéyọ̀ lọ sí Abuja. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ní, "Màmá, ọ̀dọ̀ àwọn ará ọ̀hún ló wà." Ó kọ̀wé sí àwọn ará ọ̀hún, wọ́n ní àwọn ti fà á lé àwọn ti Nàìjíríà lọ́wọ́. Ọ̀tún ní òsì ni, òsì ní ọ̀tún ni. Tíṣà tó ti rí ọmọ méjì tó ń nàka síra wọn rí mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló mọ̀dí ọ̀rọ̀.

Ó wá rántí pé ọdún Kérésì tó kọjá ni Ọlánípẹ̀kun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra síìmù yẹn. Ó lọ sí iléeṣẹ́ tó ni ín ní Òṣogbo, wọ́n sì tẹ̀wé fún un: ẹlòmíì ló ń lo nọ́ńbà náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́yà Gbádébọ̀, ọmọ Òkukù, gbé ìwé náà lọ sí kóòtù.

Adájọ́ bi agbẹjọ́rò ìjọba pé, "Ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú un?"

Ọkùnrin náà ṣí fáìlì títí, kò rí orúkọ kankan.

"Ẹ mú un jáde láàárín ọjọ́ méje."

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n pe Morádéyọ̀ sí Abuja. Ọ̀gá ọjọ́sí na ìwé kan sí i pé Ọlánípẹ̀kun ò jẹ̀bi. Ó kà á tán.

"Tàwọn ará ọ̀hún ńkọ́?"

"Màmá, tiwa ti tó."

"Kò tó o. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ pa á rẹ́. Kí ẹni tó bá fọwọ́ sí i kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀."

Ọjọ́ méjì ló fi jókòó tì wọ́n kí ìwé kejì tó ti ọ̀hún dé, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti orúkọ. Ìgbà náà ni wọ́n mú Ọlánípẹ̀kun jáde. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn."

Morádéyọ̀ fẹ́ dáhùn, ẹkún ló jáde, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn lọ sílé, kí wọ́n tó dé Ọ̀ffà, oorun tí kò rí sùn dáadáa láti oṣù méje ti gbé Morádéyọ̀ lọ. Ó ń han-run kíkankíkan. Ọlánípẹ̀kun bẹ dírẹ́bà pé kó pa rédíò.