Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Ẹsẹ̀ Mariam?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan tí ojú mi rí ní Peckham, ní London níbí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, ìfura sì wà lára iṣẹ́ náà.

Ọmọ mi, Mariam, máa ń sáré fún ilé-ìwé rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rọ́ nígbà tí ìdíje eré sísá ní Catford ti ń sún mọ́lé.

Simi ló ń tọ́jú àwọn ọmọ tó bá fara pa níbi eré ìdárayá ní ilé-ìwé náà. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ni. Ó ṣì ń ka master's lórí iṣẹ́ yẹn; ilé-ìwé Mariam ló ti ń fi ọwọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Tó bá di Friday, Simi á ní wíwú ẹsẹ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀. Tó bá di Monday, ó ti tún wú. Ṣé ọmọ mi kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ báyìí?

Mo gba ilé-ìwé lọ. Mo bi Simi pé ta ló ń mójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní olùkọ́ òun máa ń wá wo iṣẹ́ òun. Mo ní kí ló dé tí ẹsẹ̀ ò san? Òun náà wá bi mí ní tirẹ̀:

"Uncle, ẹ má bínú. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé yín ní weekend?"

Àṣé òun náà ń fura sí wa! Wọ́n ti kọ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pé tí ara ọmọ bá ń burú sí i nílé, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì sọ fún ilé-ìwé.

Mariam tó jókòó tì wá bú sẹ́rìn-ín. "Grandma ni, innit. Wọ́n ń wọ́ mi lẹ́sẹ̀."

Mummy mi máa ń ti Surrey Quays wá sọ́dọ̀ wa ní weekend. Bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà, wọ́n á fi òrí wọ́ ọ, wọ́n á fà á títí á fi dún.

Mo pè wọ́n lórí video. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ tìẹ tó rọ́ nígbà tó o wà ní kékeré, yunifásítì wo ló bá ẹ fà á?"

Simi kúnlẹ̀ síwájú fóònù. "Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi í sílẹ̀ títí màá fi ní ó yá."

Mummy ní àwọn ti gbọ́. Ohùn wọn ò jọ ti ẹni tó gbọ́.

Simi ní Mariam ò ní sáré ní Catford. Ọmọ náà sunkún, ṣùgbọ́n gbogbo wa lọ wòran. Ọwọ́ Mummy ni mò ń ṣọ́ ní tèmi. Wọ́n kó o sábẹ́ hijab.

"Kí lò ń wò? Mi ò fọwọ́ kàn án."

Ní Monday, ẹsẹ̀ ò wú.

Mo ṣì máa ń fura, àmọ́ ilé mi ni mo ti ń kọ́kọ́ wò báyìí. Kí ẹ tó lọ bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà ní ilé-ìwé, ẹ sọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe nílé fún wọn. Nílé tiyín, ta ló ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ká jọ gbọ́.