Èbù Tí Ọ̀rẹ́ Mi Fi Ta Mí Lọ́rẹ

Ẹni tó bá ti bá ọ̀rẹ́ mi ta ayò rí ní Fìdítì yìí á sọ fún yín pé kò láàánú. Bó bá pa ọ́ láyò tán, á tún bú ọ lé e: "Òpè, gbọ́wọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀, lọ rokà nílé!" Lọ́jọ́ kan, ó bú mi débi pé ewúrẹ́ tó jókòó tì wá ló bá mi bínú, ó dìde, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Ìmíní. Ẹ má bi mí bóyá ó padà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún tó kọjá, èmi òpè bẹ̀rẹ̀ sí í pa á láyò. Mò ń kó ọmọ ayò rẹ̀ bí ẹni ń ya àgbàdo, ọkùnrin náà kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O mọ ayò ta, ọ̀rẹ́ mi."

Mo fura. Oko wa pààlà, ẹni tó bá sì fẹ́ yẹ ààlà á kọ́kọ́ máa ṣe dáadáa sí ọ. Mo lọ wo pèrègún tó wà láàlà. Kò yẹ̀. Ìyẹn tún wá bà mí lẹ́rù jù.

Kò pẹ́, ó fi bárò ti èbù wá sílé mi: èbù iṣu tó ti ṣà sọ́tọ̀ pé òun á gbìn bí òjò bá rọ̀. Ó ní òun fi ta mí lọ́rẹ. Bó ṣe lọ tán, mo tú u wò, mò ń wá èyí tó rà. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo fi èékánná ha á. Kò lábùkù kankan. Ni mo bá gba ilé rẹ̀ lọ.

"Ìwọ arúgbó yìí, kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Kí ni ìwọ wá fẹ́ gbìn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òjò á rí ẹni rọ̀ fún."

Mo ti rí àgbẹ̀ tí ebi ń pa tó ń wo èbù, tí kò sì jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tó bá wá fi èbù tọrẹ kò ka ara rẹ̀ mọ́ ọdún tó ń bọ̀.

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Kò bú mi. Ó wolẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí."

Mo di ikùn mú. Mo ní inú ń run mí, kó sìn mí lọ sí ọsibítù l'Ọ́yọ̀ọ́. Mo ké lórí ọ̀kadà débi pé ọlọ́kadà ń gbàdúrà fún mi. Bí a ṣe dé iwájú nọ́ọ̀sì, mo nawọ́ sí ọ̀rẹ́ mi: "Òun ni."

Obìnrin náà bá a sọ̀rọ̀ pẹ́, ó sì yíjú sí mi.

"Bàbá, ìsoríkọ́ ni. Irú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Òmíràn á mú abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ. Òmíràn wà, ara onítọ̀hún á kọ́kọ́ yá gágá, kò ní sùn, á máa náwó bí ọba, kó tó wá wó lulẹ̀. Òmíràn á rọra bá èèyàn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á ní ìwà rẹ̀ ni. Ti òmíràn le, kò ní lè dìde lórí ibùsùn. Ẹlòmíràn á sì máa rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín ló wá dàìsàn?" Mo fura sí òun náà. Àbí oògùn ló fẹ́ tà?

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín?"

Mo mi orí pé rárá.

Ó ní dókítà á rí i, wọ́n á sì fún un lóògùn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dá wà. "Ta ló ń bá wọn gbé?"

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó. Kó tó lanu, mo ní, "Èmi ni. Ó ti pẹ́."

Ọ̀rẹ́ mi yíjú wò mí.

Nígbà tí a padà délé, mo ní kí aládùúgbò rẹ̀ jókòó tì í, mo sì sáré lọ ká ẹní mi wá. Ó dí ẹnu ọ̀nà.

"Kí lo ń wá nílé mi?"

"Òrùlé mi ń jò."

"Nínú ọyẹ́ yìí?"

"Ó ń jò gan-an ni."

Ó wò mí látòkèdélẹ̀ bí ẹni ń wo olè, ó wo ẹní, ó gbójú sókè wo ọ̀run tó gbẹ. Ó wá sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà.