Dùùrù Tí Bàbá Mi Gbé Jáde

Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin, tí mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa ni ilé tó ga jù ní ìlú wa. Ìlú náà kò tóbi. Tẹ́ ẹ bá ti Iléṣà bọ̀, tẹ́ ẹ sì ti kọjá Ìwàràjà, ẹ ó yà sí ọ̀nà eléruku kan láàárín oko kòkó, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí òrùlé páànù ṣọ́ọ̀ṣì náà tó ti dógùn-ún.

Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn baba ńlá wa tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ló wa amọ̀ pupa náà lẹ́bàá odò, wọ́n fẹsẹ̀ pò ó, àwọn obìnrin ń pọn omi, wọ́n sì ń mọ ọ́n ní ipele ní ipele. Ògiri yẹn nípọn débi pé àwa ọmọdé máa ń jókòó sójú fèrèsé, ẹsẹ̀ wa kò sì ní yọ síta. Orí fèrèsé kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí ọrun, ti ẹnu ọ̀nà ńlá náà sì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì kùn ún lẹ́fun. Àlejò tó bá rí i lókèèrè á rò pé òkúta ni. Amọ̀ ni, òrùlé ló sì ń gbà á lọ́wọ́ òjò.

Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, ló ń tẹ dùùrù níbẹ̀. Dùùrù onípákó ni, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọnú rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ṣì ń ṣèjọba, ìjì kan jà ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó sì ká òrùlé náà lọ. A tilẹ̀ ṣọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n páànù ti wọ́n kọjá agbára àgbẹ̀, àwọn àgbà ìjọ sì ní ká mú sùúrù dìgbà ìkórè. Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ la ti ń ṣe ìsìn. Òjò ń rọ̀ sórí ògiri, sìmẹ́ńtì ń ṣí, amọ̀ inú rẹ̀ sì ń mumi. Àlùfáà ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé mọ́.

Wọ́n ti fi tápólì bo dùùrù náà. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á máa wò ó lókèèrè.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí òjò dá, ó pe ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ akọrin pé kí wọ́n wá bá òun gbé dùùrù náà jáde. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀," ni ìyá mi wí. "Ògiri yẹn ti rin."

"Bí òjò kan bá tún rọ̀ lé e, kò ní lè fọhùn mọ́."

"Kó má fọhùn. Pákó ni. Ẹ̀yin lẹ lọ́mọ nílé."

"A ò ní pẹ́," ni bàbá mi wí, ó sì jáde.

Ìyá mi fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn, èmi náà sì di aṣọ rẹ̀ mú. A dúró síta. Wọ́n gbé dùùrù náà dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ́kùnrin méjì tó wà níwájú ti bọ́ síta, bàbá mi àti ẹnìkẹta ṣì wà lábẹ́ ibi tó tẹ̀ bí ọrun. Mo rí erùpẹ̀ tó ń dà sí bàbá mi lórí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ku èlùbọ́.

"Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀," ni ìyá mi ń wí. "Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa bọ̀."

Bàbá mi kò sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí ọ̀dọ́kùnrin yẹn bọ́ síta, ó sì fi àyà ti dùùrù náà jáde tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni òkè ẹnu ọ̀nà wó lu bàbá mi. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀, ó kàn dà bí ìgbà tí lọ́rì bá da yanrìn sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ wà á, wọ́n fi ọkọ́ wà á. Nígbà tí wọ́n kàn án, kò sídìí láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àgbà ìjọ kan bi ìyá mi bóyá kí wọ́n tẹ dùùrù náà, nítorí pé ó gbẹ, ó sì ń fọhùn. Ìyá mi ní, "Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀." Ẹnu lásán la fi kọrin sin bàbá mi. Ilé àgbà yẹn ni wọ́n gbé dùùrù náà sí, ibẹ̀ ni ikán sì jẹ ẹ́ sí.

Wọ́n wó ògiri tó kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ tuntun. Ìyá mi kò bá ìjọ jà, kò sì yé lọ sí ìsìn, àmọ́ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, á dìde, á jáde lọ dúró sínú òjò náà títí á fi dá. Kò sẹ́ni tó ń dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tó fi kú.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ mọ̀ jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù àti irin, fáànù ń fẹ́ nínú rẹ̀, ẹ sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ títí dé ọjà. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kó fi í sílẹ̀ kó sá jáde. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, kí ni mo fẹ́ dúró ṣe? Wọ́n á ra òmíràn."

Inú mi dùn pé ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ yàrá mi lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún bàbá mi.